Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó fóònù àlòkù ní Ìlọrin?

Ìyá Olùkọ́, Òmù-Àrán

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọmọbìnrin mi ti rí àyè wọ Yunifásítì Ìlọrin, kò sì sí bí yóò ṣe máa rí iṣẹ́ tí àwọn olùkọ́ ń fi ránṣẹ́ bí kò bá ní fóònù tó dára. ₦110,000 ni mo rí tù jọ, nítorí náà a ti fẹnu kò sí tòkunbọ̀. Ohun tí ojú mi rí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ra fóònù lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ń dán gbinrin, kò ní ìlà kankan lójú. Ní ọjọ́ kejì, àbúrò mi pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí ó lè mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó tún tàn, àkáǹtì àti pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ló ń béèrè. N kò rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ́ títí di òní, fóònù náà sì wà nínú àpótí mi bí òkúta. Ọjọ́ Sátidé ni a ó lọ sí Ìlọrin. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n yẹ̀ wò?

Atúnfóònùṣe, Ìlọrin

Ìyá wa, ẹ kú oríire ọmọ. Ó ti di ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní òpópónà Taiwo ní Ìlọrin, fóònù bíi tiyín yìí sì ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi jù. Àwọn fóònù Android tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 2015 ní ìdè kan tó so wọ́n mọ́ àkáǹtì Google ẹni tó ni wọ́n, iPhone náà sì ní tirẹ̀ tó so ó mọ́ iCloud, ìyẹn àkáǹtì Apple ẹni tó ni ín. Bí ẹnikẹ́ni bá pa inú rẹ̀ rẹ́ láì kọ́kọ́ yọ àkáǹtì náà kúrò, àfi pásíwọ́ọ̀dù onítọ̀hún ni yóò ṣí i. Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á wọ Settings, kí ó yọ àkáǹtì rẹ̀, kí ó pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kí ẹ sì dúró títí yóò fi tàn padà. Ẹ fi síìmù àti dátà tiyín sí i, kí ọmọ yín fi àkáǹtì tirẹ̀ wọlé títí yóò fi dé ojú tí gbogbo áàpù tò sí. Ó lè gba ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹni náà bá ń kán yín lójú, tó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára lónìí, ẹ dá fóònù rẹ̀ padà fún un.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó wo ara rẹ̀. Ẹ gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo etí rẹ̀ yí ká: bí ojú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń ṣí kúrò lára férémù, bí ẹni pé ohun kan ń tì í láti inú, bátìrì ti wú nìyẹn, bátìrì tó wú sì lè gbiná. Ẹ fi ìka di áàpù kan mú, kí ẹ máa wọ́ ọ kiri gbogbo ojú fóònù láì gbé ìka sókè. Ibi tó bá ti já bọ́, ojú fóònù ti kú níbẹ̀. Ẹ pe ènìyàn, kí ẹ gbé e sétí, iná ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kú bó bá ti kan etí. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kí ẹ sì gbọ́ ọ padà. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú kámẹ́rà méjèèjì. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ mì í díẹ̀ bóyá yóò dáwọ́ dúró.

Bó bá jẹ́ iPhone, ẹ wo apá Battery nínú Settings. Bí nọ́ńbà ìlera bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ ju 80 lọ, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Ẹ sì wo About, níbi tí wọ́n kọ Carrier Lock sí: "No SIM restrictions" ni kí ẹ bá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ ni wọ́n ti dè mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀hún, tí àwọn kan á wá fi ṣíìpù pẹlẹbẹ kan sábẹ́ síìmù kí ó lè ṣiṣẹ́. Ẹ fa ibi tí síìmù ń jókòó sí jáde, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Ọmọ Ọ̀fà

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ọ̀gá wa sọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni fóònù ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n mi ra fóònù láìgba rìsíìtì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn ọlọ́pàá tọ ipa rẹ̀ dé ilé, nítorí pé jíjí ni wọ́n jí i. Fóònù lọ, owó lọ, ó sì fi ọjọ́ mẹ́rin lọ, ó fi bọ̀, ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ tẹ *#06# bí ìgbà tí ẹ fẹ́ pe ènìyàn, IMEI rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà tó ní díjíìtì 15, yóò jáde. Bó bá jẹ́ onísíìmù méjì, méjì ni ẹ ó rí. Ẹ fi wé ti ara páálí rẹ̀ bí páálí bá wà, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́ tí ẹ rà á. Ẹ má ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìsọ̀ tí ẹ lè padà sí.

Ìyá Olùkọ́, Òmù-Àrán

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹnì kan ládùúgbò wa fẹ́ ta iPhone 6 fún wa lówó pọ́ọ́kú, ó sì mọ́ tónítóní. Ṣé kí n gbà á?

Atúnfóònùṣe, Ìlọrin

Ẹ má gbà á, Ìyá wa. iOS ni ètò tó ń darí iPhone, iOS 12 sì ni iPhone 6 lè dé mọ, láti oṣù karùn-ún ọdún 2025 sì ni WhatsApp kò ti ṣiṣẹ́ mọ́ lórí èyí tí kò bá tó iOS 15.1. Orí WhatsApp sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ ìròyìn kíláàsì wọn.

Ìyá Olùkọ́, Òmù-Àrán

A ti lọ, a sì ti bọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọmọ mi wọ́ áàpù kiri, ó já bọ́ ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibì kan náà ló ń já bọ́ sí. A dúpẹ́, a jáde. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì yọ àkáǹtì kúrò kí n tó la ẹnu, ó sì kọ IMEI méjèèjì sórí rìsíìtì. ₦98,000 ni a san. Ọmọ mi pè mí láti àdúgbò Tanke ní Ìlọrin láàárọ̀ yìí, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.