Kí ló dé tí àwòrán abstract tí mo ń kùn fi máa ń di àwọ̀ ẹrẹ̀ kí n tó parí rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ mìíràn ni mo fi ń jẹun, ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni mo máa ń yàwòrán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ojú ènìyàn, igi àti ilé, ẹni tó bá sì rí i máa ń mọ ohun tí mo yà láìbéèrè. Ní báyìí, ó wù mí kí n máa kun àwòrán abstract, èyí tí kò ní ojú, tí kò ní igi, tó jẹ́ pé àwọ̀, ìlà àti àmì nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀dà ákírílíìkì, èyí tó ní omi àti ike nínú, ni mo ń lò, lórí bébà tó nípọn àti lórí kánfáàsì kékeré, aṣọ tí a nà fún àwòrán kíkùn.

Ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Èkíní ni pé ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán náà máa ń dára lójú mi, àmọ́ bí mo bá ti ń fi kún un, gbogbo rẹ̀ á wọnú ara wọn, á sì di àwọ̀ ẹrẹ̀ tí n kò lè dárúkọ. Èkejì ni pé gbogbo àmì tí ọwọ́ mi ń ṣe ló jọ ara wọn: ìlà kúkúrú tó tẹ̀ díẹ̀, tó ń lọ sí apá ọ̀tún, bí ẹni pé lẹ́tà ni mò ń kọ. Bí mo bá sì ní kí n fi ọwọ́ sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe wù ú, ojú tàbí ewé ni yóò tún yà. Ǹjẹ́ ó yẹ kí n ní ohun kan lọ́kàn kí n tó bẹ̀rẹ̀, àbí kí n kàn máa da ọ̀dà sílẹ̀? Báwo sì ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé àwòrán tí kò jọ nǹkan kan ti parí? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti pẹ́ nídìí ákírílíìkì

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrẹ̀ náà, nítorí òun ló rọrùn jù láti tún ṣe. Àwọn àwọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń pa ara wọn bí wọ́n bá pàdé ní tútù: pupa àti àwọ̀ ewé, búlúù àti àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò àti èsè àlùkò. Bí ẹ bá po irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú tàbí búráùn ni ẹ ó rí, bó ti wù kí ọ̀dà náà wọ́n tó. Bí àwọ̀ púpọ̀ bá wá wà lórí àwo yín, tí ẹ sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lọ bọ̀ láàrin wọn láìfọ̀ ọ́, kò sí bí wọn kò ṣe ní pàdé. Nítorí náà, ẹ mú àwọ̀ méjì péré àti funfun fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má rò pé ó kéré o. Nínú búlúù tó jinlẹ̀, búráùn tó fà sí pupa àti funfun nìkan, ẹ ó rí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú kirikiri, ẹ ó sì rí oríṣiríṣi àwọ̀ eérú, èyí tó fà sí búlúù àti èyí tó fà sí pupa.

Ohun tó kù ni sùúrù. Omi inú ákírílíìkì ló ń fò lọ tí ọ̀dà náà fi ń gbẹ. Bí omi yẹn bá ti lọ, àwọn èérún ike kéékèèké inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara wọn, omi kò sì ní lè tú wọn mọ́. Èyí ni pé bí ìpele ìsàlẹ̀ bá ti gbẹ dáadáa, ẹ lè fi pupa lé àwọ̀ ewé lórí, kí oníkálukú sì dúró láàyè rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: bó bá ṣì tutù lára, omi ṣì wà níbẹ̀. Kó má sì yà yín lẹ́nu bí àwọ̀ náà bá ṣú díẹ̀ sí i lẹ́yìn tó gbẹ, nítorí pé ohun tó so ọ̀dà náà pọ̀ máa ń funfun nígbà tó bá tutù, á sì mọ́ gaara bó bá gbẹ.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa àwọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ àmì ló yẹ kó ṣáájú, kí a tiẹ̀ gbé àwọ̀ tì ná. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ìlà yín fi jọ ti ẹni tó ń kọ̀wé. Ẹ lẹ bébà ńlá mọ́ ògiri, ẹ dìde dúró, kí ìlà náà sì ti èjìká wá. Lẹ́yìn náà, ẹ so èédú mọ́ orí ọ̀pá gígùn, tàbí kí ẹ gbé e sí ọwọ́ tí ẹ kì í lò, kí ọwọ́ tó mọ ojú àti ewé yà má baà rí àyè ṣe tirẹ̀. Nígbà tí Cy Twombly, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1953 sí 1954, ó máa ń yàwòrán lóru láìtan iná, torí ohun kan náà tó ń yọ yín lẹ́nu yìí.

Ẹ pààrọ̀ irinṣẹ́ pẹ̀lú: kànìnkànìn, àkísà, òòyà tí eyín rẹ̀ ti ká, okùn tí a rì sínú íńkì, ìdí búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń ha ọ̀dà tútù. Ẹ mú etí káàdì àtijọ́ kan, ẹ tì í bọ ọ̀dà dúdú, kí ẹ wá fà á gba orí bébà gbígbẹ. Níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dà á ga, á sì nípọn. Bó bá dé àárín, á fẹ́lẹ́ débi pé ara bébà á máa yọ. Níparí rẹ̀, á já sí wẹ́wẹ́. Ẹ tún un fà kíákíá, ẹ tún un fà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé àmì méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Ayàwòrán Max Ernst tilẹ̀ tẹ́ bébà sórí ilẹ̀ onípákó ní ọdún 1925, ó fi pẹ́ńsùlù ra á, ara pákó náà sì di àmì tí òun fúnra rẹ̀ kò yà. Ẹ kó gbogbo ìdánwò wọ̀nyí pamọ́, ẹ má pè wọ́n ní àwòrán, ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa mú àmì bí ẹ bá dé iwájú kánfáàsì.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn

Ta ló ní abstract kò gba ètò? Nígbà tí Kandinsky, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú àwòrán abstract, fẹ́ kun ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ńláńlá rẹ̀ ní ọdún 1913, ó kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò tó lé ní ọgbọ̀n, àmọ́ nígbà tó dojú kọ kánfáàsì gan-an, ọjọ́ mẹ́rin ló fi kùn ún. Ẹ kọ́kọ́ ya àpótí kéékèèké sórí bébà, kí ẹ pinnu ibi tí yóò ṣókùnkùn, ibi tí yóò mọ́lẹ̀, àti ibi tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn. Ibi tó ṣófo yẹn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kùn mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fara mọ́ ètò púpọ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ètò dẹ́rù ba ẹni tó ń fi èyí gbádùn ara rẹ̀. Láti ọdún 1947 sí 1950, ilẹ̀ ni Jackson Pollock, ayàwòrán abstract ọmọ Amẹ́ríkà, ń tẹ́ kánfáàsì sí, á máa rìn yí i ká, á máa ta ọ̀dà sí i láti orí igi àti búrọ́ọ̀ṣì tó ti gan. Lóòótọ́, kì í ṣe pé ó kàn ń da á nù. Bí ọ̀dà náà ṣe ki tó, bí ọwọ́ ṣe ga tó àti bó ṣe yá tó, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ àkóso rẹ̀. Èrò mi ni pé kí ẹ fi òfin sí ohun tí ẹ ó lò, kí ẹ má fi sí ohun tí yóò jáde: àwọ̀ méjì, irinṣẹ́ kan, bébà kan, ó tán.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ kò ní rẹ̀yìn o. Mo fẹ́ fi ìbéèrè kékeré kan kún un. Nígbà tí mo fi omi púpọ̀ la ọ̀dà kí ó lè máa ṣàn lórí kánfáàsì, ó gbẹ tán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àkísà tútù nù ún, àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò. Ṣé ọ̀dà náà ni kò dára ni? Ẹnì kan sì fún mi ní ọ̀dà olóróró. Ṣé mo lè lò ó pẹ̀lú ákírílíìkì?

Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ákírílíìkì

Ọ̀dà yín kò ṣe nǹkan kan. Omi tí ẹ bù sí i pọ̀ ju ohun tó so ó pọ̀ lọ, kánfáàsì tí wọ́n ti fi gesso (ọ̀dà funfun tí a fi ń kun kánfáàsì sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀) kùn kì í sì í fa omi mu bí èyí tí wọn kò kùn, nítorí náà orí ibẹ̀ ni àwọ̀ kàn dúró sí láìrí ohun tí yóò dì í mú. Ẹ lo acrylic medium, ìyẹn ohun tó so ákírílíìkì pọ̀ tí kò ní àwọ̀ nínú, láti fi là á dípò omi lásán. Bí omi gan-an ni ẹ fẹ́ lò, ẹ wá bébà tó nípọn tàbí kánfáàsì tí wọn kò kùn rárá. Orí irú kánfáàsì bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán abstract Helen Frankenthaler da ọ̀dà olóróró tó ti là sí ní ọdún 1952, tó fi wọnú aṣọ náà lọ. Ṣùgbọ́n òróró máa ń ba aṣọ jẹ́ bó bá pẹ́, òun náà sì yà sí ákírílíìkì nígbà tó yá. Ẹ lè fi ọ̀dà olóróró lé orí ákírílíìkì tó ti gbẹ. Ẹ má fi ákírílíìkì lé orí olóróró, kò ní dì í mú dáadáa, yóò sì bó.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà

Ó ku ìbéèrè ìparí tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Bí ẹ kò bá lè sọ ohun tí àmì tó kàn fẹ́ tún ṣe, ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ dorí àwòrán náà kodò, ẹ wò ó nínú dígí, kí ẹ wá dojú rẹ̀ kọ ògiri títí di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ṣì di ẹrẹ̀, ẹ má jù ú nù: ẹ gé fèrèsé kékeré sára bébà funfun, kí ẹ máa tì í káàkiri orí rẹ̀. Ibi tó bá dára nínú fèrèsé yẹn, bí orí bébà ni, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé e jáde, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣẹ́ mìíràn.