Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: ṣé ìdáhùn nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti oṣù tó kọjá tí mo ti di olórí ẹ̀ka wa ni mo ti rí i pé wọ́n máa ń buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí ẹ̀rọ rárá. Báwo ni mo ṣe lè yí i padà láìtàbùkù àwọn tó ṣáájú mi?

Èsì kìíní: Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi (èmi náà ti buwọ́ lu irú rẹ̀ rí). Ẹ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ kan wò lójú wọn.

Èsì kejì: Mo gbà, àmọ́ ẹ má fi falẹ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Challenger, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, gbéra lọ́dún 1986, àwọn ẹnjiníà kìlọ̀ pé òtútù lè ṣàkóbá fún òrùka rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé òrùka náà ti jó nínú àwọn ìrìn àjò ìṣáájú láìsí jàǹbá, ó ti mọ́ àwọn ọ̀gá lára. Wọ́n ní kó gbéra, ó fọ́ lójú òfuurufú, ènìyàn 7 tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Láti ọ̀la, n kò ní buwọ́ lu èyí tí n kò bá yẹ̀ wò.