Oúnjẹ inú ọ̀rá àti inú wa: ẹ sọ ohun tí ojú yín ti rí

Ọmọ Apẹtẹ: Ẹ káàsán o. Núdùsì láàárọ̀, sọ́séèjì róòlù lọ́sàn-án, bísíkíìtì lálẹ́, bí èmi ṣe ń gbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Inú mi máa ń wú, ìgbẹ́ mi le bí òkúta. Ọmọ yàrá mi ní kò kan oúnjẹ. Ta ló ti rí irú ẹ̀ rí?

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Jáwọ́ nínú ṣúgà.

Káyọ̀dé Gbági: Àbúrò, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an. Aṣọ ni mò ń tà, n kì í ráyè kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, bísíkíìtì àti mínírà ni mo fi ń ti ọ̀sán. Nígbà tó yá, bí mo bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, màá tiraka títí òógùn á fi bò mí. Lọ́jọ́ kan ni mo rí ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní títiraka yẹn ló mú iṣan ìdí wú. Ó ní kí n máa jẹ ẹ̀wà àti ewébẹ̀, kí n mu omi dáadáa, kí n sì jẹ ẹran ara ọsàn, kí n má kàn fa omi rẹ̀ kí n ju ìyókù nù. Ìyàwó mi wá ń di ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sínú kúlà fún mi. Ara ti tù mí.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ṣé ẹ rí i? Kí ló wà nínú bísíkíìtì bí kò ṣe ṣúgà?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí kò sí nínú bísíkíìtì ni wàhálà ọ̀hún. Àìmọye kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú ìfun wa tó ń ṣe wá lóore. Èèrí ọkà, èèpo ẹ̀wà, ewébẹ̀, ohun tí ara wa ò lè dà, òun ni oúnjẹ wọn. Ìfun kékeré á ti gba gbogbo búrẹ́dì funfun àti núdùsì tán kó tó kàn wọ́n. Bí ebi bá wá pa wọ́n, ikun tó bo ara ìfun ni wọ́n á máa jẹ. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan fún eku ní èròjà tó ń mú òróró àti omi pò pọ̀ nínú oúnjẹ ilé iṣẹ́. Ikun yẹn fẹ́lẹ́.

Túndé: Eku lẹ sọ. Èmi kì í ṣe eku. Bàbá àgbà wa mu mínírà títí dọjọ́ alẹ́.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó: Ti ènìyàn náà wà. Ọdún 2015 yẹn náà ni ìwádìí kan jáde: adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 20 àti ará ìgbèríko South Africa 20 pààrọ̀ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ 2. Ìfun àwọn tó bọ́ sórí ẹ̀wà àti ọkà ń sàn, ti àwọn tó bọ́ sórí bọ́gà ń bàjẹ́.

Túndé: Ọ̀sẹ̀ 2 péré? Ó yá o.

Alámàlà Bódìjà: Ẹ wá jẹ àmàlà, gbègìrì àti ewédú.

Ọmọ Apẹtẹ: Mà, magí inú gbègìrì ńkọ́?

Alámàlà Bódìjà: Irú ni mo fi ń sè é! Wá láàárọ̀, wá fi imú ara ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀.

Abíọ́nà Ṣángo: Ògì kíkan ni màmá tèmi gbà gbọ́.

Káyọ̀dé Gbági: Ó dáa, àmọ́ tí a bá sẹ́ ògì tán, ewúrẹ́ là ń da èèrí ẹ̀ fún. Ewúrẹ́ ń jẹ èyí tó dáa, àwa ń wá oògùn ìgbẹ́ kiri.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Ewúrẹ́ ò sì ní jẹ̀díjẹ̀dí. Kì í mu mínírà.

Lékan Agbowó: Gbogbo yín ń pariwo ẹ̀wà, ta ló máa ra gáàsì? Núdùsì ti jinná kí omi ẹ̀wà tó hó.

Abíọ́nà Ṣángo: Rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, da omi yẹn nù kó o tó gbé e kaná. Á yára jinná.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Àdó: Ọmọ Apẹtẹ, díẹ̀díẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ o, tó o bá kó ẹ̀wà jẹ lójijì, inú á tún wú. Tó o bá rí ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ, má lọ ra àgbo.

Lékan Agbowó: Ṣé ẹ̀wà olóyin náà là ń rẹ mọ́jú ni?