Ẹ̀pà tó bu: ṣé iná ń pa májèlé rẹ̀?

Ìyá Kúlíkúlí, Gánmọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, òjò kan àpò ẹ̀pà tí mo rà lọ́jà Ìpàtà, apá kan ti bu. Ìyá ọkọ mi ní òróró gbígbóná á pa gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi ní irọ́ ni. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Bọ̀dá Ọ̀fà: Mà, ọmọ yín tọ̀nà (ẹ má sọ fún màmá pé èmi ni mo wí). Iná lè dín aflatoxin, ìyẹn májèlé inú ẹ̀pà tó bu, kù, kò lè pa á tán. Ohun kékeré tó ń mú nǹkan bu, tí wọ́n ń pè ní Aspergillus flavus, ló ń pèsè rẹ̀ nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dénú. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tó wá láti Brazil. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí ń bà jẹ́. Ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ewu náà sì pọ̀ gan-an fún ẹni tó bá ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B.

Ìyá Kúlíkúlí: Ṣé kí n kó o fún adìyẹ?

Bọ̀dá Ọ̀fà: Háà! Adìyẹ ò lẹ́dọ̀ ni? Ẹ ṣà á; èyí tó bu, tó dúdú, tó sunkì, ẹ dà á nù.

Àgbẹ̀ Òmù-Àrán: Oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Aflasafe, ohun tó ń dènà májèlé yìí, tí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣe ni kí àgbẹ̀ máa fọ́n sóko.