Ẹ gbà mí o, àgbébọ̀ mi ò jẹun mọ́: ẹyin ló há ni àbí oúnjẹ?

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. Ta ló ń sin adìyẹ nínú yín? Àbẹ̀kẹ́ wa ò fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Ó wú ìyẹ́, ó ń dijú, ó nàró ṣánṣán bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ìrù ẹ̀ já wálẹ̀, ìdí ẹ̀ sì ń mì sókè sódò. Àpò oúnjẹ tó wà lọ́fun ẹ̀ náà tún wú. Ẹyin ló há ni àbí oúnjẹ? Dókítà tí à ń gbé ajá lọ bá ní àwọn kì í wo adìyẹ. Àwọn ìbejì sunkún títí oorun fi gbé wọn lọ. Bàbá wọn dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó ń wo adìyẹ, ó ń wo ìkòkò.

Alhaji (Peckham): Ẹ bá mi kí bàbá wọn. Onílàákàyè ni.

Ọmọ Eléyin (Calgary): Adìyẹ ń jẹ́ oríkì! Èmi tí wọ́n bí, tí wọ́n kì, kò sẹ́ni tó rántí tèmi mọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ fi àwàdà sílẹ̀ ná.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Manchester): Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ kọ́kọ́ yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, torí adìyẹ kì í ṣàánú ara wọn, wọ́n á ṣá aláìsàn lágògó. Ẹ gbé e sínú páálí tí aṣọ wà nínú ẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn tó sì dákẹ́. Ara adìyẹ gbóná ju tiwa lọ, ó tó 41°C, àìsàn kì í jẹ́ kó lè mú ara ẹ̀ móoru dáadáa. Kí ibi tó wà tó 25 sí 30°C. Ìgò omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé ti tó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí apá kan páálí náà tutù, kó lè sún lọ síbẹ̀ tí ooru bá pọ̀.

Ti ọ̀fun yẹn, ẹ fọwọ́ kàn án ní ìdájí kó tó jẹ ohunkóhun. Ní alẹ́ gbogbo adìyẹ tó jẹun ló máa ń gbé àpò kíkún sùn, ilẹ̀ ò ní mọ́ kó tó ṣófo. Tí ilẹ̀ bá mọ́ tó ṣì kún, tó le gbagidi, bóyá koríko gígùn ló dí i. Tó bá rọ̀ bíi bàlúùnù omi, tí ẹnu ẹ̀ sì ń rùn kíkan, ohun tó wà nínú ẹ̀ ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n pé kò jẹun láti àárọ̀ tí ọ̀fun tún wú, ìyẹn ò dùn mọ́ mi nínú. Tí nǹkan mìíràn bá ń da ara láàmú, àpò náà máa ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Bàbá Alágbàlá (Aberdeen): Ẹyin ni. Irú ìdúró yẹn, ẹyin ni. Ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú bàsíà, kó mu ún dé ikùn, ẹ fi Epsom salt sí i, kó jókòó síbẹ̀ fún bíi 20 ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá nu ún gbẹ kanrin kó tó padà sínú páálí. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa ẹnu ìdí ẹ̀. Kí bàsíà yẹn má jẹ́ èyí tí ẹ fi ń fọ àwo o, Salmonella ò mọ ọmọ olóore.

Ohun tí mo bẹ̀ yín sí ni pé kẹ́ ẹ má tẹ ikùn ẹ̀. Mo tẹ tèmi. Mo ní mò ń bá a rọbí. Ẹyin fọ́ sínú, èèpo gún un, ikùn kún fún omi. Èmi tí mo fi ìka mi pa á náà ni mo gbẹ́ ilẹ̀ tó ti di yìnyín láti sin ín.

Ìyàwó Pásítọ̀ (Houston): Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín lẹ́bi. Tèmi ọ̀fun ló wú. Mo rí fídíò kan níbi tí wọ́n ti dorí adìyẹ kodò tí wọ́n ń fún ọ̀fun ẹ̀ kí omi kíkan náà lè dà síta. Èmi náà mú un lẹ́sẹ̀, mo dorí ẹ̀ kodò. Omi dà lóòótọ́. Mo ń kígbe "Ògo ni fún Olúwa" lọ́wọ́, kó tó di pé ó gbọ̀n rìrì, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi ọkọ mi wàásù lórí olùṣọ́ àgùntàn rere, mi ò lè ṣe Àmín.

Ọmọ Eléyin (Calgary): Àǹtí, ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin lẹ pa á.

Alhaji (Peckham): Ta ló ní ó pa á? Màmá wa àgbà ń dorí adìyẹ kodò bẹ́ẹ̀ níṣojú mi, adìyẹ ń gbọn ara nù, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Àsìkò ti Houston ló tó.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Manchester): Alhaji, mo bọ̀wọ̀ fún màmá àgbà. Ẹ la ẹnu adìyẹ wò: ihò tó fi ń mí wà nídìí ahọ́n ẹ̀ gan-an, ó là sílẹ̀ gbayawu, kò sí ọmọ ìdérí tó ń bò ó bíi tiwa. Nígbà tí omi kíkan bá ń dà bọ̀ lókè, tó sì mí sínú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lọ. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ló ti rì sómi. Dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú àpò náà láti fọ̀ ọ́. Ìdí kan náà ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má da omi sí adìyẹ lẹ́nu. Ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àgógó ẹ̀, kó fúnra ẹ̀ gbé e mì.

Alhaji (Peckham): Àwọn tí kò kú ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Manchester): Oríire wọn ni, sà.

Bàbá Alágbàlá (Aberdeen): Ẹ má dá Àǹtí Houston lẹ́jọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adìyẹ tí ọ̀fun ẹ̀ ti kan dé ibẹ̀ yẹn ti lọ jìnnà kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀.

Ọmọ Eléyin (Calgary): Adìyẹ kì í làágùn kẹ̀. Kò ní ihò òógùn lára. Ó máa ń la ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ ni.

Bàbá Alágbàlá (Aberdeen): Àbúrò, òwe ni mo pa, mi ò kọ ìdánwò.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Mo ti gbé e sínú omi. Ó ń fi ìyẹ́ gbá mi lójú, gbogbo baluwẹ̀ ti tutù.

Alhaji (Peckham): À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ jẹ̀ láàtàn.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Manchester): Tó bá ṣì ní agbára láti gbá yín létí, ìyẹn dáa. Lẹ́yìn omi, ẹ wá calcium olómi fún un tẹ́ ẹ bá ní. Èèpo ẹyin ló ń gba calcium yẹn lára wọn. Bí kò bá sì tó, ẹran ara tó ń ti ẹyin jáde ò ní lágbára.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ó ti jáde nínú omi. Kò yé nǹkan kan. Ó yàgbẹ́ funfun tó ṣàn bí omi. Ọ̀fun ṣì wú. Dókítà wo ni mo máa gbé e lọ báyìí? Tí wọ́n bá sì ní ká fún un ní abẹ́rẹ́ tó máa fi sùn lọ, kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn ọmọ?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Manchester): Ẹ wá àwọn tó ń wo ẹyẹ àti àwọn ẹran tó ṣàjèjì, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ bi wọ́n bóyá dókítà tó mọ adìyẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dọ̀la tó bá ń la ẹnu mí, tàbí tí ogbe orí ẹ̀ bá ń di àwọ̀ aró. Ẹ sì má lo oògùn apakòkòrò tó kù nínú báàgì ẹnikẹ́ni o. Lójú òfin UK, ẹran jíjẹ ni adìyẹ ń jẹ́, bẹ́ ẹ tilẹ̀ ń gbé e sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ló máa sọ oògùn tó tọ́ àti iye ọjọ́ tẹ́ ò ní jẹ ẹyin ẹ̀. Bàbá wọn náà ò gbọ́dọ̀ fojú sí ìkòkò mọ́.

Ọmọ Eléyin (Calgary): Ṣé kì í ṣe lúkúlúkú?

Nọ́ọ̀sì Ẹranko (Manchester): Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣàìsàn. Tí wọ́n bá ń kú lójijì ní méjì mẹ́ta ni ká bẹ̀rù lúkúlúkú tàbí bird flu, ìjọba ni ẹ ó sì kọ́kọ́ pè nígbà yẹn. Ẹ ti forúkọ wọn sílẹ̀, àbí? Láti 1 October 2024, ẹni tó bá ní adìyẹ ẹyọ kan péré ní England ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Mo ti ṣe é. Ìwé ẹ̀ wà nínú fáìlì.

Alhaji (Peckham): Àbẹ̀kẹ́ ti ní ìwé ní ìlú òyìnbó! Àbúrò ìyàwó mi ṣì ń retí tiẹ̀.

Ìyàwó Pásítọ̀ (Houston): Hahaha! Alhaji, ẹ máa pa mí. Ẹ wá sọ́dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ gbẹ̀fẹ́. Oòrùn nìkan ni ọ̀tá. Tó bá ti di July, mo máa ń fi omi yìnyín sínú abọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Bàbá Alágbàlá (Aberdeen): Ìyẹn ni ẹ fi ń yangàn? Adìyẹ wọ ẹ̀wù sára, òtútù ò pa á tí ibùsùn ẹ̀ bá gbẹ tí afẹ́fẹ́ ò sì gbá a. Ooru ló ń pa á. Aberdeen ni ìlú adìyẹ.

Alhaji (Peckham): Ìlú adìyẹ tí ilẹ̀ ń ṣú kí ẹ tó jẹun ọ̀sán! Adìyẹ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó wákàtí 14 kó tó lè máa yé dáadáa. Ní ìparí December, ìmọ́lẹ̀ tiyín ò pé wákàtí 7.

Bàbá Alágbàlá (Aberdeen): Ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń gbà nígbà yẹn, wọ́n tọ́ sí i. Ẹ̀yin ní London, níbo ni ẹ ti ń sìn ín? Lórí balùkónì?

Alhaji (Peckham): Mi ò tíì sìn ín rí níbí. Mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín ni. Ohùn àkùkọ ló ń wù mí. Láti ìgbà tí mo ti dé, fóònù ló ń jí mi. Ta ló ní àkùkọ kan tó lè fi ohùn ẹ̀ ránṣẹ́?

Ìyàwó Pásítọ̀ (Houston): Mo gba ti àgbàlá wa sílẹ̀ nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ ohùn màmá mi lẹ́yìn ẹ̀, ó ń pariwo pé ta ló gbé ìgbálẹ̀ òun.

Alhaji (Peckham): Ẹ má yọ màmá kúrò. Ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Eléyin (Calgary): Ẹ fún èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sí Aberdeen o, wọ́n á ní tàwọn ń kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Alágbàlá (Aberdeen): Ó ń kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Aládùúgbò mi ti kọ ìwé sí káńsù lẹ́ẹ̀mejì.