Mo sanwó blueprint, agbára ẹṣin 228 ni mo bá bọ̀ wálé. Ẹ gbà mí o!

Akin Houston: Ẹ̀yin ará mi, mi ò jẹun láti àárọ̀. Ọkọ̀ Chevelle SS 396 ti 1970 ni mo ní, pupa fòò, ìlà dúdú méjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo gbé e fún mẹkáníìkì òyìnbó kan kó tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, kó ṣe é ní blueprint, kó tún un tò ní ìwọ̀n gẹ́lẹ́. Oṣù méje gbáko! Tí mo bá pè é, "ọ̀la" ni. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí owó náà. Ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní agbára ẹṣin 350 ni. Lánàá, dyno, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀, ní 228. Ó ti yọ nǹkan nínú ẹ́ńjìnnì mi! Ṣé kí n pè é lẹ́jọ́?

Bàbá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ o. Ṣé dyno tí táyà ń yí lórí rẹ̀ ni? Jíà á ti jẹ díẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnnì níbẹ̀.

Akin Houston: Òun ni. Ṣùgbọ́n ṣé jíà lè jẹ 122 ni? Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ kí èèyàn dáadáa.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ̀gbọ́n, 350 yẹn gross ni. Láyé ọjọ́un, ìhòòhò ni wọ́n ń wọn ẹ́ńjìnnì, kò sí fílítà, kò sí sàlẹ́ńsà. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì Chevrolet 454 LS5: 365 ní 1971, ó di 270 ní 1972 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ net nìkan, ìyẹn ìwọ̀n tòun ti fílítà àti sàlẹ́ńsà.

Ìyá Dámi: Mustang ọkọ mi ti pé ọdún mẹ́ta nínú gárèjì, mi ò ríbi gbé fìrísà sí. Ẹ tà á jàre.

Bàbá Ìbejì: Blueprint kì í ṣe oògùn o. Kí gbogbo ẹ̀ bá ìwọ̀n ilé iṣẹ́ mu gẹ́lẹ́ ni. Nígbà tí mo ṣe tèmi, omi aláwọ̀ búlúù la fi síríńjì bù sínú ihò orí ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan gba mílílítà 3 ju èkejì lọ. À ń họ ọ́ títí gbogbo wọn fi dọ́gba. Agbára tó fi kún un ò tó nǹkan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Kò tó nǹkan kẹ̀? Kíláàsì Stock ní NHRA, ẹgbẹ́ eré ìje ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ńkọ́? Ṣebí blueprint náà ni wọ́n ń ṣe.

Bàbá Ìbejì: Àwọn yẹn ń pààrọ̀ kámù, irin tó ń ṣí fáàfù. Bí ó ṣe ń gbé fáàfù ga tó nìkan ni wọn ò gbọdọ̀ yí padà. Akin, compression (bí pístìn ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) mélòó ló kọ sínú ìwé iṣẹ́ ẹ?

Ìyá Dámi: Ẹ ṣáà tà á.

Akin Houston: 8.5. Èmi ni mo ní kó fi pístìn yẹn sí i, torí mi ò lè máa ra epo olówó ńlá. Ìyẹn kọ́ lẹjọ́ tí mo gbé wá.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Háà! 10.25 ni ti ilé iṣẹ́! Kí ló kù tẹ́ ẹ ń pè ní blueprint?

Akin Houston: Kò sọ fún mi pé pístìn yẹn á dín agbára kù.

Bàbá Ìbejì: Kò sọ ọ́ rárá?

Akin Houston: Ó wà nínú ímeèlì kan báyìí. Ó gùn jù, mi ò kà á tán. Ìyá Dámi, ṣé ọkọ yín ò ní fẹ́ ra Chevelle?

Ìyá Dámi: Ẹ má dán an wò o!