Owó-orí ilé ní Texas àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ: ẹ bá wa tú u palẹ̀

Ìyá Ìbejì, Katy
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìwé appraisal, èyí tí wọ́n fi ń sọ iye tí wọ́n pe ilé, ti dé o. Èṣí, $300,000 ni wọ́n pe ilé. Lọ́dún yìí wọ́n ní $370,000. Bẹ́ẹ̀ ilé-ìwé àwọn ọmọ ń sọ pé àwọn ò lówó, wọ́n fẹ́ dín tísà kù. Owó tó ń gorí ilé wa yìí, ta ló ń kó o? Kí sì ni kí n fi ìwé yìí ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Richmond
Ìwé yín ni ká kọ́kọ́ bójú tó, torí ó ní gbèdéke. Ìlà méjì ni kí ẹ wá níbẹ̀: market value àti appraised value. Èkíní ni iye tí wọ́n gbà pé ilé náà máa tà lọ́jà. Èkejì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò owó-orí. Bí homestead, ìyẹn ẹ̀dínwó owó-orí fún ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, bá ti wà lórí ilé láti èṣí, èkejì yìí ò gbọdọ̀ fi ju 10% lọ ju ti èṣí. $330,000 ló yẹ kí ẹ bá níbẹ̀. Fún owó-orí ilé-ìwé, wọ́n tún máa yọ $140,000 kúrò. $100,000 ni tẹ́lẹ̀, ìbò oṣù kọkànlá 2025 ló gbé e sókè. Ó ku $190,000. Ká ní $1.10 ni district ilé-ìwé yín ń gbà lórí $100 kọ̀ọ̀kan, $2,090 lẹ máa san.

Bí kò bá sí homestead, ilé náà lè gòkè tó 20%, ìyẹn $360,000, wọn ò sì ní yọ nǹkan kan: $3,960. Òfin 20% yẹn gan-an, ìparí 2026 ló máa kásẹ̀ nílẹ̀ bí wọn ò bá sún un síwájú.

Fọ́ọ̀mù 50-114 ni wọ́n fi ń bèèrè homestead, ọ́fíìsì appraisal ti county yín lẹ máa fi ránṣẹ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni o. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà pé kí ẹ sanwó káwọn bá yín ṣe é, ẹ ju lẹ́tà wọn nù. Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ló sábà máa ń dá fọ́ọ̀mù yìí padà: àdírẹ́sì orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ilé mu. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì ń jẹ́ àdírẹ́sì ilé tó háyà tẹ́lẹ̀, kó lọ tún un ṣe ná. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún ni wọ́n tún gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ilé náà ṣì tọ́ sí homestead. Bí lẹ́tà ìyẹn bá dé, tẹ́ ẹ sì dákẹ́, wọ́n lè yọ ọ́.

Àbúrò Pearland
Ẹ̀gbọ́n, tí 10% bá ti dá a dúró, ṣé ó tún yẹ ká máa ṣe protest, ìyẹn ká kọ̀wé pé a ò gba iye tí wọ́n pe ilé?

Ẹ̀gbọ́n Richmond
Ó yẹ dáadáa. $370,000 yẹn ò lọ síbì kan, ó ń dúró dè yín. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ọjà ò tiẹ̀ mira, wọ́n á tún fi 10% kún $330,000, ó di $363,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá já market value bọ́ sí $340,000, tí ọjà sì dúró síbẹ̀, $340,000 náà lòpin.

Ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún ni gbèdéke, tàbí ọjọ́ 30 lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Fọ́ọ̀mù 50-132. Ẹ máàkì ibi méjì: pé iye ọjà náà ti pọ̀ jù, àti pé wọn ò fi ojú kan náà wo ilé yín àti ti àwọn aládùúgbò. Ìkejì yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun ló sì sábà máa ń mú èsì wá. Ẹ bèèrè ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ lò. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ 14 ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Ní Texas, iye tí wọ́n ta ilé kì í ṣe ohun tí ìjọba ń gbé síta, nítorí náà ọwọ́ realtor lẹ ti máa gba iye tí àwọn ilé bíi tiyín tà ní sáà January 1, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń díwọ̀n ilé sí. Fọ́tò lásán ò tó fún ògiri tó sán. Ẹ gba ìwé iye àtúnṣe lọ́wọ́ àwọn tó ń tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe.

Ẹ má lọ sọ fún àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà pé owó-orí ti wọ̀ yín lọ́rùn. Iye ilé ni wọ́n láṣẹ lé, kì í ṣe iye owó-orí.

Tísà Mission Bend
Ìyá Ìbejì, ìbéèrè yín nípa ẹni tó ń kó owó náà ńkọ́? Ohun tó ń ru gbogbo èèyàn lójú ni pé iye ilé kọ́ ló ń sọ iye tí ilé-ìwé máa gbà. Iye ọmọ tó wá sí kíláàsì ni. Ìpínlẹ̀ ti ní iye kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: $6,160 láti 2019, kò kúrò lójú kan títí di 2025 tí wọ́n fi $55 péré kún un, ó di $6,215. Ẹ wo bí ọjà ti gòkè tó láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Wọ́n máa ń fi díẹ̀ kún un fún ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Owó-orí ilé yín ló kọ́kọ́ ń wọlé, ìpínlẹ̀ wá ń dí èyí tó kù. Nígbà tí ilé yín bá gbówó lórí, ìpínlẹ̀ a dín tirẹ̀ kù. Òfin 2019 tún ní bí iye ilé ní district bá fi ju 2.5% lọ gòkè, kí wọ́n já owó lórí $100 wálẹ̀. Ibi tí owó ilé bá sì ti ju ohun tó tọ́ sí wọn lọ, ìpínlẹ̀ ń gbà á padà. Òun ni wọ́n ń pè ní recapture. Àwọn olùdìbò Houston ISD, district ilé-ìwé ìlú Houston, kọ̀ ọ́ ní 2016, wọ́n sì padà gbà á ní May 2017.

Ìyá Ìbejì, Katy
Á jẹ́ pé bí mo bá ṣe protest, ẹnu àwọn ọmọ kọ́ ni mo ń já a gbà?

Tísà Mission Bend
Rárá o, ní ti owó oṣù àti iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ti gbèsè ilé kíkọ́ ló yàtọ̀: àpò kejì ni, owó-orí àdúgbò ló ń san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fi owó àpò kejì yìí san owó oṣù, ìdí nìyí tí wọ́n fi lè kọ́ pápá ìṣeré tuntun lọ́dún tí wọ́n ń dín tísà kù. Òfin sì ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé ìbò bond ilé-ìwé, ìyẹn ìbò lórí gbèsè ọ̀hún, pé owó-orí ilé máa lékún, kódà bí iye lórí $100 ò bá yí padà. Ẹ ka ìwé ètò ọ̀hún gan-an kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka.

Ohun tó wà lọ́wọ́ òbí ni wíwá sí kíláàsì. Ilé-ìwé tó ní ọmọ 1,000, tí 920 ń wá, 920 ni wọ́n máa sanwó fún. 80 lọ́nà $6,215 jẹ́ $497,200, bẹ́ẹ̀ iná, bọ́ọ̀sì àti tísà ò dín. Bí ẹ bá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ dá a padà lọ́jọ́ náà kó sì mú ìwé dókítà dání, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tó wá. Ìrìn-àjò December sílé, ẹ jẹ́ kó parí kí wọ́n tó wọlé ní January. Ọmọ tí kò bá wá tó 90% ọjọ́ kíláàsì lè pàdánù kirẹ́díìtì.

Àbúrò Pearland
Ìyá wa tó ń bá wa gbé ti pé 71. Ṣé a lè fi wọ́n gba ti àgbà?

Ẹ̀gbọ́n Richmond
Àfi bí orúkọ wọn bá wà lórí ìwé ilé. Fún àgbà 65 tó ni ilé tó ń gbé, $60,000 tún wà lórí $140,000, owó-orí ilé-ìwé rẹ̀ á sì dúró sójú kan, àyàfi bó bá kọ́ nǹkan mọ́ ilé. Ẹ má tìtorí èyí sáré fi orúkọ Màmá sórí ìwé ilé; ẹ rí lọ́yà ná, torí ọ̀rọ̀ ogún ń bẹ níwájú.

Ẹni tó bá sì ń ra ilé lọ́wọ́ àgbà, kó ṣọ́ra: owó-orí tó rí nínú ìpolówó ilé ti àgbà náà ni, tòun ti gbogbo ìyọkúrò rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò tuntun. Ilé $320,000, yọ $140,000, ó ku $180,000, lórí $1.10, ó jẹ́ $1,980 fún ilé-ìwé nìkan. Ẹ sọ fún báǹkì tó yá yín lówó kó fi ìyẹn ṣírò escrow, owó tó ń gbà pa mọ́ lóṣooṣù láti fi san owó-orí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní kí ẹ wá dí àlàfo lọ́dún kejì, owó oṣooṣù á tún gòkè. Kẹ́ ẹ wá fi ti county kún un, àti MUD, ìyẹn àjọ omi àti ìdọ̀tí omi àdúgbò. $140,000 yẹn ò kan MUD rárá.